Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: Ẹ yéé sáré fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà

Gbólóhùn kan wà tó yẹ ká fòfin dè láàárín àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe: "Ẹ jẹ́ ká kúkú fọ́ọ̀mátì ẹ̀." Laptop ń falẹ̀? Fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́? Fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Sọ́fítíwíà kọ̀, kò fẹ́ install? Ẹ ṣáà fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ní báyìí tí àwọn èèyàn ń kó kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ wọ inú virtual machine, ọ̀rọ̀ yìí tún ti pọ̀ sí i, torí pé ibẹ̀ gan-an ni sọ́fítíwíà ti máa ń ya alágídí. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Àwọn àgbà ti bá wa sọ ọ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Fún ẹni tí ò tíì bá a pàdé rí, virtual machine ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ wò ó bíi onílé àti ayálégbé. Laptop tó wà lórí tábìlì yín ni onílé. Windows tàbí Linux kejì tó ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lójú ẹ̀ ni ayálégbé. Ayálégbé yìí ní RAM tiẹ̀, ó ní dísìkì tiẹ̀, ó sì ní nẹ́tíwọ̀kì tiẹ̀, ṣùgbọ́n lára ti onílé la ti bù gbogbo ẹ̀ fún un. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tòní. IBM ti ń lò ó lórí àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì láti àwọn ọdún 1960. VMware gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà ara ẹni lọ́dún 1999, VirtualBox sì dé lọ́dún 2007.

Ìdí tó fi wá gbòde báyìí ò fara sin. Ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó máa ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó ní ká lọ máa lò ń béèrè TPM 2.0, RAM tí kò dín ní 4 GB àti àyè tí kò dín ní 64 GB. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì wa ò lè dé ibẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á ra laptop tuntun, wọ́n á wá fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi Disk2vhd, tó jẹ́ ti Microsoft fúnra wọn, sọ gbogbo dísìkì àtijọ́ di fáìlì kan ṣoṣo, wọ́n á sì ṣí i nínú laptop tuntun náà. Torí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo tí wọn ò lè fi sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe nìyẹn. Ó ní kẹ́mísìtì l'Abẹ́òkúta. Inú sọ́fítíwíà kan lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń kọ ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́ sí, ibẹ̀ náà ló ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tí dísìkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀dọ́kùnrin kan bá a kó o wọ virtual machine. Ọmọ náà gbìyànjú, torí Windows ṣí dáadáa. Sọ́fítíwíà oògùn yẹn ló ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà yìí rí, kí wọ́n lọ tún òun install. Wọ́n tún un install, ó gbé error 1603 jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, 1603. Lẹ́ẹ̀kẹta, 1603. Ni ọmọ náà bá sọ gbólóhùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí: "O ò gbọ́ nǹkan, bọ̀dá kọ̀ǹpútà ní gbogbo ẹ̀ máa lọ o. Ìwé gbèsè mi ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká yẹ 1603 yìí wò. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé, "Iṣẹ́ yìí bàjẹ́, mo ti jáwọ́." Kò sọ ohun tó bà á jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Windows mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ń retí kí ẹnì kan bi í ni. Bí fáìlì tí ẹ fẹ́ install bá jẹ́ .msi, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ lọ síbi tí fáìlì náà wà, kí ẹ kọ báyìí:

msiexec /i orukofaili.msi /l*v C:\log.txt

Gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé ló máa kọ sínú log.txt. Ẹ ṣí i pẹ̀lú Notepad, kí ẹ wá "Return value 3". Àwọn ìlà tó wà lókè ẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí. Níbi ti ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí log sọ ni pé àyè ti tán lórí C. Báwo ló ṣe jẹ́, nígbà tí wọ́n ti sọ dísìkì ayálégbé náà di 80 GB láti 40? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ dísìkì virtual machine, ilẹ̀ ló rà kún ilẹ̀. Yàrá tó wà nínú ilé ò tíì kúrò ní bó ṣe wà. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ inú Windows ayálégbé náà, ẹ ṣí Disk Management, kí ẹ fi "Extend Volume" na C dé orí àyè tuntun náà. Bí wọ́n ṣe na C tán ni sọ́fítíwíà wọlé wẹ́rẹ́.

Ó wọlé tán, ó wá ní òun fẹ́ rí láísẹ́ǹsì. Èyí náà ò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí à ń sanwó fún máa ń ka nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà sílẹ̀: MAC address nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀, nọ́ńbà dísìkì ẹ̀. Tí a bá ti kó wọ virtual machine, gbogbo wọn lè yí padà. Kódà, MAC tí VirtualBox máa ń fún ayálégbé ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 08:00:27. Ó dà bí ẹni tó ti pààrọ̀ SIM tí báǹkì ṣì ń fi OTP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́. Ṣé fọ́ọ̀mátì lè tún ìyẹn ṣe? Ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀ nígbà ogún, nọ́ńbà tuntun náà ló máa bá níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi nọ́ńbà láísẹ́ǹsì yín kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà, kí wọ́n yọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Windows tó bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá láti ilé iṣẹ́ náà, ara kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n sábà máa ń so láísẹ́ǹsì ẹ̀ mọ́, ẹ yẹ ìyẹn náà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá crack. Ẹni tó ṣe crack fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lè ti gba owó ẹ̀ lọ́nà mìíràn, orí kọ̀ǹpútà tí orúkọ àwọn oníbàárà yín wà.

Àwọn error yòókù náà ní ìtumọ̀ tiwọn. Bí virtual machine ò bá tiẹ̀ fẹ́ tan, ẹ wo BIOS onílé, bóyá wọ́n ti pa VT-x tàbí AMD-V. Bí Windows tí ẹ kó wá bá gbé ojú búlúù pẹ̀lú 0x0000007B, kò rí dísìkì tó máa fi tan ni. Ó lè jẹ́ pé orí IDE ló wà tẹ́lẹ̀ tí ẹ wá gbé e sórí SATA. Ẹ dá a padà nínú settings kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Bí ẹ bá ń install láti inú shared folder tó sì ń kọ̀, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà sórí C ayálégbé. Bó bá ní òun ò gba certificate, ẹ wo aago ẹ̀. Virtual machine tí wọ́n dá padà sí snapshot àtijọ́ lè rò pé oṣù tó kọjá la ṣì wà. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́nu ìgbà tí ẹ ń download, ẹ kọ "certutil -hashfile" sí iwájú orúkọ fáìlì náà, kí ẹ kọ SHA256 sí ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ fi èsì ẹ̀ wé èyí tí àwọn tó ṣe é gbé jáde. Ẹni tó ń lo Mac tó ní M1 tàbí àwọn tó tẹ̀ lé e láti 2020, ẹ rántí pé ARM ni. Windows àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Intel ò kàn lè wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń bú. Àwa oníbàárà gan-an la kọ́ wọn. Fọ́ọ̀mátì, gbogbo wa mọ iye tá a máa ń san. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ kan jókòó fún wákàtí méjì, kó máa ka log, kó wá tẹ bọ́tìnì mẹ́ta péré kí nǹkan tó dáa, wàá gbọ́ ohun tí a máa sọ: "Ṣé ohun tó o ṣe náà nìyẹn? Èló ni mo fẹ́ san sí i?" À ń sanwó fún òógùn, a kì í sanwó fún ọpọlọ. Bí ọmọ náà bá wá mú ọ̀nà tó yá, tó ń mówó wọlé, ta ló jẹ̀bi? Bí a bá fẹ́ kí wọ́n máa wádìí, a gbọ́dọ̀ máa sanwó ìwádìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ báyìí, ẹ má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ títí gbogbo sọ́fítíwíà yín á fi ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko. Ẹ ya snapshot kí ẹ tó install ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹ má fi snapshot ṣe backup, torí orí dísìkì kan náà ni wọ́n jọ máa ń wà. Tí dísìkì yẹn bá kú, gbogbo wọn kú nìyẹn. Ẹ da fáìlì ńlá yẹn sórí dísìkì mìíràn tẹ́ ẹ máa tọ́jú síbòmíì. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé fọ́ọ̀mátì ló kù, ẹ rọra bi í léèrè: "Kí ni log sọ?" Bó bá lè dáhùn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì múra láti san owó ìwádìí ẹ̀. Bí kò bá tíì wò ó, ẹ gbé laptop yín, kí ẹ máa bọ̀ nílé.