Jẹ́sì ìgbà ìnira: kí ló dé tí a fi ń wá aṣọ Charlton kiri?

Ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí láti wá jẹ́sì àtijọ́. Ti àwọn tó gba ife ni ẹ máa kọ́kọ́ rí: Manchester United tó gba ife mẹ́ta lọ́dún 1999, Arsenal sáà 2003/04 tí ẹnikẹ́ni kò nà nínú líìgì, Super Eagles tó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1994. Owó gọbọi ni wọ́n ń pè é. A kò bá ẹni tó ń rà wọ́n jà. Ṣùgbọ́n irú jẹ́sì mìíràn wà tí àwa ń wá: aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń nà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ tó já sí líìgì ìsàlẹ̀, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń bá ẹni tó ni ín fa wàhálà. Charlton Athletic ni ẹgbẹ́ ọ̀hún, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn kò ní bi wá pé kí ló kàn wá níbẹ̀. The Valley, pápá Charlton, kò jìnnà sí Woolwich, sí Plumstead, sí Thamesmead. Ẹ rìn nínú ọjà Woolwich lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tó dé ìparí rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ “ẹ káàsán mà” lẹ́nu ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Síbẹ̀, nínú ilé ọ̀pọ̀ wa, Arsenal ni bàbá ń tẹ̀lé nítorí Kanu, Chelsea ni ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé nítorí Mikel. Charlton dà bí aládùúgbò tí a ń kí tí a kì í wọ ilé rẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ jẹ́sì wọ̀nyí dùn mọ́ wa: nígbà tí nǹkan le jù fún aládùúgbò yìí, àwọn ọmọ ilé wa ló wọ aṣọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó di ayálégbé

Ìnira Charlton kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1984, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ààbò inú pápá àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dà pọ̀, wọ́n sì kó kúrò ní The Valley. Selhurst Park, ilé Crystal Palace, ni wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n tún kó lọ sí Upton Park, ilé West Ham. Gbogbo ẹni tí òbí rẹ̀ ti ṣe ayálégbé rí ní ìlú yìí mọ bó ṣe ń rí: o kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri, onílé ló sì ń sọ ohun tí o lè ṣe àti èyí tí o kò lè ṣe. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú ilé onílé yìí ni wọ́n ti gòkè sí ìpele tó ga jù lọ lọ́dún 1986, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi já wálẹ̀ lọ́dún 1990.

Àwọn olólùfẹ́ kò gbà. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich kò fọwọ́ sí ètò àtúnṣe The Valley, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Valley Party, wọ́n sì jáde du ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1990. Ìbò 14,838 ni wọ́n rí gbà. Wọn kò wọlé, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú gbọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1992, Charlton padà sílé, wọ́n na Portsmouth ní àmì ayò 1-0, Colin Walsh ló sì gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún wọlé.

Nínú àwọn ọdún ayálégbé yẹn, orúkọ tó wà níwájú jẹ́sì wọn ni Woolwich, ilé iṣẹ́ tó ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ilé. Ẹ wò ó dáadáa: ẹgbẹ́ tí kò nílé gbé orúkọ ayánilówó-ra-ilé sí àyà, orúkọ náà sì tún jẹ́ ti àdúgbò tí wọn kò lè padà sí. Kò sí ẹni tó jókòó ro irú àwàdà yìí. Ó kàn ṣẹlẹ̀ ni. Èyí ni jẹ́sì tó ṣòro jù láti rí, nítorí pé kò sí nínú wa tí wọ́n ti bí nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì rà á ti wọ̀ ọ́ gbó.

Orúkọ yunifásítì, ariwo ìjà

Ẹ jẹ́ ká fo ọ̀pọ̀ ọdún. Charlton dé Premier League, wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, wọ́n já wálẹ̀ lọ́dún 2007, nígbà tó sì fi di 2009 wọ́n ti já dé ìpele kẹta. Wọ́n tún gòkè sí ìpele kejì lọ́dún 2012. Ìgbà tí àwa ń sọ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2014, nígbà tí Roland Duchâtelet, oníṣòwò ọmọ Belgium, ra ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Chris Powell, ẹni tí àwọn olólùfẹ́ fẹ́ràn púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wọlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń jáde: Riga, Peeters, Luzon, Fraeye, Riga lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́dún 2016 wọ́n já sí ìpele kẹta.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín olólùfẹ́ àti ẹni tó ni ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, nígbà tí Coventry wá sí The Valley, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì (inú àwọn ti Coventry náà kò dùn sí olówó tiwọn) da ẹlẹ́dẹ̀ ìṣeré sínú pápá, eré sì dúró kí wọ́n lè ṣà wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ tún pinnu pé àwọn kò ní náwó sínú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ náà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ni yóò ra jẹ́sì? Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́n jẹ́sì ìgbà ìnira ti ń wá. Jẹ́sì ọdún tí ẹgbẹ́ gba ife, gbogbo ilé ló rà á. Jẹ́sì ọdún ìjà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè kúrò níbẹ̀ nìkan ló rà á, tàbí ọmọdé tó sunkún fún un.

Nike ló rán aṣọ náà, pupa ni, orúkọ University of Greenwich ló sì wà níwájú. (Jẹ́sì tí orúkọ yunifásítì wà ní àyà rẹ̀: ìyá Yorùbá wo ni yóò ní kí ọmọ bọ́ ọ?)

Aṣọ yìí gan-an ni Adémọ́lá Lookman wọ̀. Wandsworth ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1997, Peckham ló gbé dàgbà. Kò sí nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ńlá kankan nígbà tó wà ní kékeré. Waterloo FC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ni Charlton ti rí i lọ́dún 2013. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, láàárín rúkèrúdò yẹn, wọ́n gbé e wọ pápá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2017, Everton ti rà á lọ. Ìdíje líìgì tó gbá fún Charlton kò pé 50.

Èrò tiwa nìyí, ẹ sì lè bá wa jiyàn. Bí owó bá wà ní Charlton nígbà náà, bóyá wọn ì bá ra àgbà ọ̀jẹ̀ láti ibòmíràn, ọmọ Peckham yìí ì bá sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Àìní ló ṣí ilẹ̀kùn. Àìní kan náà ló tà á kíákíá, bí wọ́n ṣe ta Joe Gomez fún Liverpool lọ́dún 2015 lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo. Nítorí náà, jẹ́sì pupa yẹn kò dùn tán, kò sì korò tán. Nígbà tí Lookman gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin, ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lóṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wa pé ibo ni ọmọ yìí ti ń bọ̀. Ìdáhùn náà ti wà lórí háńgà ní ṣọ́ọ̀bù The Valley, kò rí olùrà.

Aribo ń kọ́? Camberwell ni wọ́n bí Joe Aribo sí. Staines Town, ẹgbẹ́ kékeré tí kò sí nínú líìgì ńlá, ni Charlton ti mú un lọ́dún 2015. Òun dúró pẹ́ ju Lookman lọ. Ó wà nínú pápá ní Wembley ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, nígbà tí Charlton kojú Sunderland láti mọ ẹni tí yóò gòkè. Ìṣẹ́jú 5 péré, Charlton gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn: Naby Sarr dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, aṣọ́lé kò rí i mú. Ben Purrington dá a padà. Ní ìṣẹ́jú 94, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń múra sílẹ̀ fún àfikún àkókò, Patrick Bauer gbá èkejì wọlé. Jẹ́sì sáà yẹn, Hummel ló ṣe é. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí, Aribo ti wà ní Rangers, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kojú Ukraine.

Bí ẹ bá fẹ́ rà

Ẹ má fi ojú wo pupa nìkan. Jẹ́sì Nike máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì kékeré nínú, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ó bá gbé aṣọ mìíràn jáde, ẹ sá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Nike kì í dá aṣọ rán fún ẹgbẹ́ kékeré. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń rán fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé e lórí. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ àmì idà tó wà ní àyà rẹ̀ wò, kí ẹ sì wo bí lẹ́tà yunifásítì náà ṣe sán. Bí ó bá sán díẹ̀, kì í ṣe àléébù lójú tiwa. Ẹnì kan wọ̀ ọ́ ni.

Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé agbábọ́ọ̀lù ló wọ̀ ọ́ nínú pápá, ẹ wo apá rẹ̀. Láti sáà 2016/17 ni líìgì náà ti ń jẹ́ EFL. Aṣọ 2015/16 tó bá ní àmì EFL lápá ní ẹjọ́ láti rò.

Ohun kan wà tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ń ra jẹ́sì 2016/17 tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, wọ́n á tẹ LOOKMAN sí i lónìí, wọ́n á sì tà á ní owó méjì. Aṣọ náà kì í ṣe ayédèrú, a gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí òjò ń pa wọ́n ní The Valley tí àga púpọ̀ ṣófo. Ẹ bi olùtajà léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n tẹ orúkọ náà. Bí ó bá ń kálòlò, ẹ dín owó rẹ̀ kù.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ lo omi tútù, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù kan lẹ́tà rẹ̀.

Ibi tí wọ́n lọ gan-an

Ọ̀pọ̀ jẹ́sì wọ̀nyí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ilé bá kún, ìyá wa á kó aṣọ àtijọ́ sínú àpò. Èyí tí kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù aláàánú á wọ inú bárélì lọ sílé. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù aláàánú kò bá rí tà, oníṣòwò á dì í ní bélì, á gba ojú òkun lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó aṣọ òkìrìkà wọlé láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Katangua ní Èkó, ẹ ó rí i ní òkìtì òkìtì; Kútọnu ni púpọ̀ ń gbà wọlé. Jẹ́sì kún inú rẹ̀. Kò ní yà wá lẹ́nu bí kọ́ńdọ́kítọ̀ kan ní Ọ̀ṣọ́dì bá ń wọ University of Greenwich báyìí, tí kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ Lookman ló wà lọ́rùn òun.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Plumstead, tó ti ń tẹ̀lé Charlton láti ìgbà tó dé láti Abẹ́òkúta, sọ fún wa pé méjì nínú jẹ́sì òun ló bá bárélì lọ láìjẹ́ pé òun mọ̀. Nígbà tó pe ilé láti béèrè, wọ́n ní àwọn ti fi ọ̀kan nu mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́.

Charlton tún já wálẹ̀ lọ́dún 2020, wọ́n sì tún gòkè ní Wembley ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí wọ́n na Leyton Orient 1-0. Jẹ́sì àárín ọdún márùn-ún yẹn ṣì pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tíì ga. Èyí tó ní Woolwich níwájú ni a kò tíì rí. Bí ó bá wà nínú ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mọ́mì sọ̀rọ̀ kí bárélì tó ń bọ̀ yìí tó kún.