Tálì Ẹnu Géètì: Bí Kúkì àti Sẹ́ṣọ̀n Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Django

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ní ẹ̀ka yìí, oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe IT ní ilé-iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn, láti ibẹ̀ lọ dé Ọgbà àti Agége, á mọ bí ojú ọ̀nà ṣe ń kún nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ bá ń jáde, tí àwọn ti ọ̀sán ń wọlé. Àsìkò pàṣípààrọ̀ yẹn ni àṣìṣe mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Áàpù kékeré kan ni wọ́n ní kí n fi Django kọ fún sítọ̀, kí wọ́n lè máa fi ṣe àkọsílẹ̀ páálí ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ á tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, áàpù á sì máa fi orúkọ rẹ̀ sí ìdí gbogbo ohun tó bá kọ. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, orí mi sì wú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ka ọjà, páálí 40 dín. Áàpù mi ní Ìyá Sítọ̀ ló kọ ọ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa yọ owó náà lára owó oṣù wọn, pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Èmi tí mo kọ áàpù náà wà níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Kí n tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, ẹ jẹ́ ká wo bí áàpù ṣe ń mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

HTTP kì í rántí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá béèrè ojú ewé kan, sáfà á fún yín, ó parí. Tí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, àlejò tuntun ni yín lójú rẹ̀. Ó dà bíi mẹ́gádì kan tó ń gbàgbé ojú èèyàn ní kété tí onítọ̀hún bá ti kọjá. Báwo ni irú mẹ́gádì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́? Á ní ìwé ńlá lórí tábìlì, á sì ní tálì lọ́wọ́. Tí ẹ bá dé, á wo káàdì yín, á fún yín ní tálì tó ní nọ́ńbà, á wá kọ orúkọ yín sí iwájú nọ́ńbà náà nínú ìwé. Láti ìgbà yẹn lọ, kò ní béèrè káàdì mọ́. Tálì ló máa wò.

Tálì yẹn ni kúkì. Ohun tó wà nínú ìwé orí tábìlì ni sẹ́ṣọ̀n. Lou Montulli ló gbé kúkì jáde ní Netscape ní ọdún 1994, kí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nínú Django, tí ẹ bá wọlé, á ṣẹ̀dá àmì 32, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ṣeé méfò. Á kọ ọ́ sínú table tó ń jẹ́ django_session, á sì fi àmì náà nìkan ránṣẹ́ sí búráúsà yín pẹ̀lú orúkọ sessionid. Orúkọ yín kò sí nínú kúkì náà, ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí tálì yín bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni lójú mẹ́gádì. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ áàpù máa bẹ̀rù nìyẹn.

Eric Butler fi èyí han gbogbo ayé ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ó gbé Firesheep jáde fún Firefox, ẹni tó bá sì jókòó sórí Wi-Fi tí kò ní ààbò lè fi í gba kúkì àwọn tó wà nítòsí, kó wọ àkáǹtì wọn láì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. HTTPS ló ń dí ògiri yẹn. Nínú Django, ẹ fi SESSION_COOKIE_SECURE sí True, kí kúkì má bàa gba ojú ọ̀nà mìíràn kọjá. False ló máa ń wà tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. SESSION_COOKIE_HTTPONLY ti wà ní True tẹ́lẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí JavaScript ka kúkì náà. Ẹ má yí i padà.

Ẹ wá wo àṣìṣe tèmi. SESSION_COOKIE_AGE, ìyẹn iye àsìkò tí tálì fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,209,600 nínú Django. Ọjọ́ 14 nìyẹn. Mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ iṣẹ́ àárọ̀ bá pa dé, Ìyá Sítọ̀ á dìde, wọ́n á gbé báàgì wọn, ẹni ọ̀sán á jókòó sórí àga kan náà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ń tẹ bọ́tìnnì ìjáde. Ọjọ́ 14 gbáko ni gbogbo sítọ̀ lè fi máa jẹ́ orúkọ ẹnì kan.

Ìwé mẹ́gádì gan-an ló gbà wọ́n sílẹ̀. Nínú ìwé ẹnu géètì, Ìyá Sítọ̀ jáde ní 2:10. Nínú database mi, 4:25 ni wọ́n kọ páálí 40 náà jáde. Mo gbé ìwé méjèèjì lọ bá ọ̀gá, mo sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi áàpù mi ni. Wọn ò yọ owó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá béèrè pé ta ló wá kọ ọ́, áàpù mi ò lè dáhùn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò ṣiṣẹ́. Mo sọ SESSION_COOKIE_AGE di 600, ìyẹn ìṣẹ́jú 10, mo sì fi SESSION_SAVE_EVERY_REQUEST sí True, kí àsìkò náà lè máa bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí èèyàn bá lo áàpù gbẹ̀yìn. Àṣé ojú ewé tó ń fi iye ọjà hàn ń tún ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ sáfà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lójú Django, èèyàn ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà. Tálì kò kú rárá.

Mo wá dá SAVE_EVERY_REQUEST padà sí False. Tí Django bá rí i pé ohun inú sẹ́ṣọ̀n yí padà nìkan ló ń tún un fi pamọ́, tó sì ń sún àsìkò rẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ibi tí èèyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nǹkan nìkan ni mo ti ń kọ aago sínú request.session. Mo tún ní kí áàpù béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjà tó jáde. Bọ́tìnnì ìjáde, tó ń pe logout(), sì di ńlá: òun ló ń pa ìlà yín rẹ́ nínú ìwé orí tábìlì, kì í ṣe tálì ọwọ́ yín nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Flask, ẹ kíyè sí i: sẹ́ṣọ̀n rẹ̀ kò ní ìwé orí tábìlì, àyàfi tí ẹ bá ṣètò rẹ̀. Ara tálì ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n yí i, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n má kà á. Ẹ má kọ àṣírí sí i.

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí settings.py iṣẹ́ àṣejáde yín, kí ẹ wo ọjọ́ mélòó tí tálì yín fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó máa jókòó sórí àga yẹn tí ẹni àkọ́kọ́ bá dìde. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, Ìyá Sítọ̀ kì í gbé báàgì wọn láì kọ́kọ́ pè mí pé, “Ọmọ kọ̀ǹpútà, ṣé mo ti jáde báyìí?”