Ilà Mẹ́rin Lórí Fóònù, Síbẹ̀ Ìpè Ò Wọlé

Ní oṣù Keje ọdún 2010, Apple kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà rẹ̀. iPhone 4 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, àwọn tó rà á sì ń pariwo pé bí àwọn bá ti dì í mú, ṣe ni àwọn ilà tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn ń já wálẹ̀. Apple fèsì pé ìṣirò tí fóònù náà ń lò kò tọ̀nà rárá: lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń fi ilà méjì lé iye tó yẹ. Àlàyé yẹn kò pa ariwo náà o. Láàárín oṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kéde pé òun yóò pín ìbòrí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Dípò ilà, dBm, ìyẹn òǹkà agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni àwọn ẹnjiníà ń wò. Òǹkà yìí máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òdo: -70 dára, -110 ti fẹ́ẹ̀ kú. Bó bá kúrò ní -80 bọ́ sí -90, agbára tó ń dé inú fóònù ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Síbẹ̀, ọ̀nà lè dán kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Bí èrò bá pọ̀ jù lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ilà á pé lójú fóònù, dátà á sì máa wọ́ bí ìgbín. Nítorí náà ni àwọn ẹnjiníà ṣe tún ń wọn bí dátà ṣe ń yára tó, iye àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀, àti iye tó ń sọnù lọ́nà. Ẹni tó ń wo fíìmù lè má fura sí ìdádúró díẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp á mọ̀ ọ́n kíá.

Láti wọn nǹkan wọ̀nyí, àwọn òṣìṣẹ́ a máa kó fóònù àti kọ̀ǹpútà sínú mọ́tò, wọn a máa yípo ìgboro, fóònù á sì máa pe nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Àmọ́ títì ni mọ́tò ń gbà. Kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ tó ń ṣàbójútó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fi ààlà sí ìdá ìpè tó lè já. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó bu owó ìtanràn ₦1.17 bílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dáa: MTN àti Etisalat, ₦360 mílíọ̀nù ẹnì kọ̀ọ̀kan, Airtel, ₦270 mílíọ̀nù, Globacom, ₦180 mílíọ̀nù.

Ìdá ìpè tó ń já yẹn ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀ nínú. Òpó tí epo dísẹ́ẹ̀lì tán lórí rẹ̀ kì í já ìpè kankan, nítorí ìpè kankan kò wọlé sí i. Lójú òǹkà, mímọ́ ló mọ́. Àfi kí wọ́n tún ka iye wákàtí tí òpó fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́, kí wọ́n sì kà á ní òpó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní àpapọ̀ ìpínlẹ̀.