Ẹ̀wà ló so wọ́n pọ̀: ọdún Àgùdà l'Ékòó àti l'Ájàṣẹ́, àti ìbátan wọn ní Louisiana

Tí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìjànìkín, ohùn méjì lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kọ̀ndọ́: apá kan ń pe "Mile 2", apá kejì ń pe "Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀". Ẹni tó bá bá ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì sọdá afárá dé erékùṣù Èkó, lè rìn dé Pópó Àgùdà. Ẹni tó bá bá ti èkejì lọ, tó kọjá ẹnubodè, yóò dé Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé àwòrán ilẹ̀ ń pè ní Porto-Novo. Ìlú méjèèjì ń ṣe ọdún kan tí orin, oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá pọ́nńbélé, tí kì í sì í ṣe ti Òyìnbó. Ọdún Àgùdà ni.

Ta ni wọ́n ń pè ní Àgùdà?

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni, tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì tún padà wálé. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí dìtẹ̀ sí ìjọba ní Salvador, olú ìlú Bahia. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô lọ́hùn-ún, ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ìjọba borí wọn, ó lé àwọn kan kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fowó ara wọn wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà títí dé ẹ̀yìn 1888, tí Brazil fòpin sí oko ẹrú, ni wọ́n ń dé sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah.

Wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀. Bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tiẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò á kọ́kọ́ máa wojú òkè, bóyá yóò rí agogo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọdún?

L'Ékòó, Kàrẹ́tà ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní Fanti. "Careta" lédè Potogí ni ìbòjú, tàbí ojú tí èèyàn fún pọ̀ láti fi dẹ́rìn-ín pani. Nígbà Àjíǹde tàbí Kérésì, àwọn àdúgbò bíi Campos, Làfíàjí, Òkè Pópó, Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó àti Ọlọ́wọ̀gbowọ́ á ran aṣọ àti fìlà aláràbarà, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, wọn á sì tẹ̀lé àwọn afọnfèrè káàkiri ìgboro.

L'Ájàṣẹ́, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni, nígbà àjọ̀dún Senhor do Bonfim, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Salvador pẹ̀lú. Bouriyan á jáde. Orúkọ yẹn wá láti inú "burrinha", kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré lédè Potogí. Àwọn tó gbé ẹranko àtọwọ́dá àti ìbòjú á máa jó, ìlù onígun mẹ́rin á máa dún. Irú ìlù yìí, sámbà, ni àwọn olórin aṣíkò àti jùjú Èkó náà lù. Èdè Potogí ni orin Bouriyan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò gbọ́ Potogí mọ́. Ẹnu baba ni wọ́n ti gbà á.

Ibo ni ẹ̀wà ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ frejon l'Ékòó, nítorí ìjọ Àgùdà, ìyẹn Kátólíìkì, kì í jẹran lọ́jọ́ náà. Wọn á rẹ ẹ̀wà mọ́jú, wọn á sè é rọ̀, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sì sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Wọn á rin àgbọn, irú èyí tó kún etíkun Àgbádárìgì, wọn á fún omi rẹ̀ sí i pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù. Iná kì í pọ̀, ẹni tó ń rò ó kì í sì í kúrò nídìí ìkòkò, torí kíá ló ń jóná nísàlẹ̀. Tó bá jinná, á kúnná bí ògì, wọn á bu ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja sí i, wọn á wọ́n gàrí lé e. "Feijão", ẹ̀wà lédè Potogí, ni ẹnu Èkó sọ di frejon.

Ó kan Louisiana báwo?

Lọ́dọọdún, ní ìlú Lafayette ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe Festivals Acadiens et Créoles: orin, oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́. Cajun ni àtọmọdọ́mọ àwọn ará Faransé tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé kúrò ní Acadie, ní Kánádà, ní 1755. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ àjèjì ni Creole túmọ̀ sí látilẹ̀wá. Ọ̀pọ̀ tó ń jẹ́ ẹ lónìí ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Ọkọ̀ méjì tó kọ́kọ́ kó ẹrú láti Áfíríkà tààrà dé ibẹ̀ ní 1719, Aurore àti Duc du Maine, Ouidah ni wọ́n ti gbéra, ní etíkun wa yìí kan náà. Gumbo, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń yangàn, láti inú orúkọ ilá lédè Bantu ni wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀.

Ní 1921, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè kan ṣoṣo nílé ìwé. Ọmọ tó bá sọ Faransé, ìyà ni. Ẹni tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì torí ó sọ Yorùbá tàbí Ẹ̀gùn mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ìtìjú wọ èdè náà, ó sì fẹ́ wọ orin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1974, wọ́n gbé àwọn olórin Cajun sórí pèpéle ní gbọ̀ngàn Blackham Coliseum, èrò sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òde orin yẹn ló di ọdún tí wọ́n ń ṣe títí di òní.

Orin àwọn Creole aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ni zydeco. Nígbà ayé Clifton Chenier, ọba rẹ̀, tó kú ní 1987, òun á máa tẹ àkọ́díọ̀nù, ẹnìkan á sì gbé páànù oníhunjọ kọ́ àyà, á máa fi irin ha á. Orúkọ zydeco, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà, "les haricots" ló ti wá. Kí ni "haricots" lédè Faransé? Ẹ̀wà.

Kí lèyí kọ́ wa?

Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinúubú l'Ékòó, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Ìkéde kò gbà á sílẹ̀. Kò sí ìjọba kankan tó kéde frejon, síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì Rere tó tẹ̀lé e, ẹ̀wà wà lórí iná l'Ékòó, ẹnìkan sì dúró tì í, ó ń rò ó kó má baà jó.