Ooru Iná àti Ooru Máíkírówéèfù Nínú Ṣíṣe Ike Tó Lè Jẹrà

Orúkọ Onírèké, àdúgbò kan nítòsí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, jẹ́ àkànpọ̀ 'oní' àti 'ìrèké'. Ìrèké wà lára ohun tí a fi ń ṣe PLA, ike kan tó lè jẹrà: ṣúgà ìrèké ni wọ́n ń lò ní Thailand, àgbàdo ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìbàdàn. Ọ̀rá tí a fi epo rọ̀bì ṣe ń dí gọ́tà, ìlú tó sì rí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 mọ ewu ojú odò tó dí.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Irú kòkòrò aláìfojúrí tó ń mú ògì kan náà ló ń sọ ṣúgà di lactic acid. Mólékù ásíìdì yìí tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ni PLA. Bí méjì bá ti so pọ̀, omi a jáde. Bí omi náà kò bá kúrò, okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà tún lè já. Iṣẹ́ méjì ni ooru ń ṣe, ìsopọ̀ àti lílé omi jáde.

Ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀, ara ìkòkò ni ooru ń gbà wọlé. Ìdí rẹ̀ a gbóná ṣáájú àárín, bí ògì ṣe ń jó nísàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ kò tíì jiná. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìgbì máíkírówéèfù, tó sábà máa ń jẹ́ 2.45 GHz, kì í dúró de ìkòkò. Ó ń mi àwọn mólékù bíi ti omi àti ti ásíìdì náà, ooru sì ń ti inú wọn jáde. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí lè tipa bẹ́ẹ̀ di ti ìṣẹ́jú mélòó kan.

Síbẹ̀, ìyára nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ìgbì náà kì í wọnú ohun tó ń gbà á jinlẹ̀, ibì kan sì lè gbóná ju ibòmíràn lọ. Ooru àpọ̀jù a já okùn náà, a sì mú kí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Nítorí náà, ohun tó rọrùn nínú ìgò kékeré kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ nínú àgbá ńlá. Iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège tún jẹ́ ìṣòro.

Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà sè é, PLA kì í tètè jẹrà àfi níbi ìkójọ ààtàn tí a mú gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 60°C. Bí a bá jù ú sí gọ́tà Onírèké, yóò dí i bí ọ̀rá yòókù. Ọ̀nà ìmóoru lè dín àkókò kù. Ibi tí a ń kó ìdọ̀tí sí ló ń pinnu jíjẹrà rẹ̀.