Ṣúgà Lè Gòkè Lóru Láìjẹun: Iṣẹ́ Họ́móònù Nínú Àrùn Àtọ̀gbẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ bá sùn pẹ̀lú ṣúgà 140 mg/dl, tí ẹ̀rọ sì fi 170 hàn láàárọ̀, àwọn ọmọ á ní: "Màmá, kí lẹ jẹ lóru?" Màmá á búra títí, wọn ò ní gbà. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

KÍ NI HỌ́MÓÒNÙ?

Ìránṣẹ́ tí ara ń rán gba inú ẹ̀jẹ̀ ni họ́móònù. Ínsúlínì, tí Banting àti Best ṣàwárí ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1921, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Inú pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló ti ń jáde. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan, òun ló ń mú kí àjẹṣẹ́kù di ọ̀rá, òun náà ló sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má tú ṣúgà síta ju bó ti yẹ lọ.

Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ínsúlínì ń kanlẹ̀kùn, ara ò tètè dáhùn. Ọ̀rá inú ikùn àti ti inú ẹ̀dọ̀ ló ń mú kí etí ara túbọ̀ di. Bó bá pẹ́, pancreas ò ní lè pèsè ínsúlínì tó mọ́.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍ ÌDÁJÍ?

Họ́móònù mìíràn, glucagon, ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà síta. Bí ilẹ̀ bá sì ń mọ́ bọ̀, cortisol á gòkè láti múra ara sílẹ̀ fún jíjí. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ le, ínsúlínì á mú wọn dọ́gba. Nínú alátọ̀gbẹ, kò lágbára tó, ṣúgà á sì gòkè láìjẹ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Kí wọ́n bá òbí kọ iye ṣúgà ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn, ti nǹkan bí aago mẹ́ta òru àti ti àárọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n fi han dókítà. Ó lè yí oògùn tàbí àkókò rẹ̀ padà.

Ọ̀RỌ̀ SÍSANRA

Àwọn kan ń sá fún abẹ́rẹ́ ínsúlínì nítorí pé ó ń mú wọn sanra. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ṣúgà tó ń bá ìtọ̀ lọ tẹ́lẹ̀ ti ń dúró nínú ara. Ṣùgbọ́n rírù tí ṣúgà mú wá kì í ṣe ìlera. Ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló ń bàjẹ́ lọ. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà bóyá oògùn tí kì í mú ni sanra, bíi metformin, lè bá a rìn.

Ẹ ṣọ́ra fún dexamethasone àti prednisolone tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra tàbí nítorí ara ríro. Iṣẹ́ cortisol ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń gbé ṣúgà sókè. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ dédé dá a dúró o.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí ẹni tó wọn kílò 90 bá fi kílò 5 sílẹ̀, ara rẹ̀ á túbọ̀ máa gbọ́ ti ínsúlínì. Ẹ dín òkèlè àmàlà àti tùwó kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń gba ṣúgà. Ẹ sùn dáadáa. Àìsùn ń mú kí ebi pani ju bó ti yẹ lọ.

Ìlera lọrọ̀.