LS3/5A: Sípíkà kékeré tí BBC ṣe nítorí ohùn ènìyàn

Níbi ìnáwó ní Savè, ìyẹn Ṣábẹ ilé Oníṣábẹ, sípíkà gàgàrà tí wọ́n tò léra wọn ló máa ń gba gbogbo ìta. Wọ́n dára fún ijó. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan gba ẹ̀rọ kó fẹ́ ṣàdúrà, ohùn rẹ̀ á kàn máa dún gbuu ni, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á sì máa bi ara wọn pé kí ló wí. Ohùn ènìyàn ṣòro gan-an fún sípíkà láti gbé jáde, torí kò sí ohun tí etí wa mọ̀ tó o.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kan sáárá sí àpótí kan tí BBC ṣe ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n pè ní LS3/5A. Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ètò níta ló wà fún. Ọkọ̀ náà há, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń yí ohùn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ olóòtú bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àpótí náà ga tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 19. H.D. Harwood, M.E. Whatton àti R.W. Mills ṣàlàyé iṣẹ́ náà nínú ìwé ìwádìí tí BBC gbé jáde ní 1976.

Pákó rẹ̀ ni kí a fara balẹ̀ wò. Igi ìlù gbọ́dọ̀ ké. Igi sípíkà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí ìró bá ń ti pákó láti inú, pákó á máa gbọ̀n, á sì fi ohùn tirẹ̀ kún ti olóhùn. Èrò ọ̀pọ̀ káfíńtà ni pé kí pákó ṣáà nípọn. Pákó tó nípọn náà ń ké, ìró rẹ̀ á sì tún bọ́ sí ibi tí etí ti tètè ń gbọ́ ọ. Plywood igi birch tó nípọn mìlímítà 12 péré ni BBC lò, wọ́n wá lẹ ohun wíwúwo tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe mọ́ ọn nínú. Fi ìka kàn án: yóò dún "kó", ìró náà á sì kú síbẹ̀.

Ẹnu méjì tó wà lójú rẹ̀, B110 àti T27, ilé-iṣẹ́ KEF ló ṣe wọ́n. B110 ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ àti àárín, T27 ń gbé èyí tó mú. B110 kò lo bébà. Ike Bextrene ni, tí ọ̀rinrin kì í mú bíi bébà. Ẹni tó bá ti rí sípíkà oníbébà tó rọ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan á mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

LS3/5A ní ibi tó kù sí. Ìró tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 80 Hz lọ ń pòórá nínú rẹ̀, kò sì lè pariwo. Ẹ má gbé e lọ síta. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 100 Hz, kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rogers, Spendor àti Harbeth wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lábẹ́ àṣẹ BBC.

Bí ẹ bá fẹ́ ra sípíkà, tàbí kí káfíńtà kan ọ̀kan fún yín, ẹ má fi orin nìkan dán an wò. Ẹ gba ohùn ẹni tí ẹ jọ ń gbélé sílẹ̀, kí ẹ fi sí i. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sanwó.